Ohùn Tó Wà Nínú Táǹkì Ilé-Ìwé

Ọmọ mi,

Kí n tó kí ọ rárá, irọ́ ni. Mi ò ya wèrè, mi ò sì kó ẹní mi lọ sínú táǹkì ilé-ìwé láti máa gbé ibẹ̀. Mo gbọ́ pé ọmọ télọ̀ tó ń gbé nítòsí yín ti sọ fún ọ pé mo ní ẹ̀mí kan wà nínú táǹkì. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ohùn ni mo ní ó wà níbẹ̀, mo sì kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù, mo fi bírò buwọ́ lù ú. Ẹni tó bá gbọ́ ohùn tó wá lọ sọ ọ́ di ẹ̀mí, kó lọ tọ́jú etí rẹ̀. Orí ìdérí táǹkì ni mo jókòó sí, ní ọ̀sán gangan, gbogbo ayé sì rí mi. Ẹni tó jókòó sórí òrùlé kò sí nínú ilé.

Ó yá, mo kí ọ. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o fẹsẹ̀ kọ níbi tí ẹlòmíràn ti ń rìn fàlàlà. Kí etí rẹ tó ń bọ́ ọ má di. Ìyá àgbà ń kí ọ, àwa náà wà, a dúpẹ́. Mo mọ̀ pé ọdún márùn-ún péré ni mo fi jù ọ́ lọ, mo sì mọ̀ pé o máa ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín tí mo bá ń gbàdúrà fún ọ bí arúgbó. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi kú ni wọ́n ti sọ mí di bàbá rẹ, kò sì tíì sí ẹni tó gba oyè náà lọ́wọ́ mi. Àdúrà bàbá ni mo ń gbà. Ṣe àmín.

O máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Báwo ni mo ṣe fẹ́ pè ọ́? Ìwọ fúnra rẹ lo fi àwọn orin tí ẹ ti gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sínú fóònù mi, pé kí n bá ọ tọ́jú ẹ̀dà kan. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti pe ẹnikẹ́ni mọ́, bí ẹnikẹ́ni bá sì pè mí, mi ò ní gbé e, kí ohùn onítọ̀hún má baà lọ kó eruku bá ohùn yín. Mo wé fóònù náà sínú aṣọ funfun, mo gbé e sókè níbi tí eku ò lè dé. Ọ̀rẹ́ mi, Káfíńtà, ní kò sí bí ìpè ṣe lè kan orin tó wà nínú fóònù lára. Mo bi í pé ṣé òun ló ṣe fóònù ni. Ó padà sídìí pákó rẹ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ lẹ́tà. Dẹ́rẹ́bà tó máa mú un wá ní aago mẹ́rin lòun ń lọ, òun ò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni, torí náà má bínú sí bí ìwé mi ṣe ń sáré. Mi ò lè jókòó lójú kan. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, mo ti dìde lẹ́ẹ̀mẹta, mo ti lọ ti ilẹ̀kùn tí kò ṣí, mo ti gbá ilẹ̀ tí ìyá àgbà ti gbá láàárọ̀.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o lè rí i bí èmi náà ṣe rí i. Ọdún mẹ́ta ni táǹkì sìmẹ́ńtì yẹn ti wà lẹ́yìn ilé-ìwé láìrí omi, torí pé ẹ̀rọ tó máa fa omi sínú rẹ̀ kò dé. Èmi ni wọ́n fi ṣe olùtọ́jú rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì ń bẹ lọ́rùn mi. Olùtọ́jú táǹkì gbígbẹ, ta ló rí iṣẹ́ tó rọrùn bẹ́ẹ̀? Ìgbà náà lo wá dé láti ìgboro pẹ̀lú àwọn méjì tí ẹ jọ ń ṣe àwo orin, ìyẹn orin yín tí ẹ ń pè ní mẹ́tàlì, tí àwa níbí ń pè ní orin onírin. Ọ̀kan ni ọmọkùnrin tó ń ta gìtá, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, tí apá rẹ̀ dà bí okùn bàtà. Èkejì ni ọmọbìnrin kékeré tó ń kọrin, tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ dókítà eléyín ló ti ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, tí mo fi ń pè é ní Ọmọ Eléyín. Ìwọ tó ń gba ohùn wọn sílẹ̀, o fi ìka kan táǹkì náà bí ẹni tó fẹ́ ra ìkòkò, o gbé etí lé e, o sì bú sẹ́rìn-ín. O ní odindi ọdún kan lo ti ń wá yàrá tó máa dá ènìyàn lóhùn báyìí.

Ọjọ́ kìíní, gìtá nìkan. Ẹ gbé sípíkà kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ táǹkì, ẹ kọjú rẹ̀ sí ògiri bí ọmọ tó ṣẹ̀, ẹ gbé máìkì síwájú rẹ̀, ìwọ sì ń sún máìkì náà ní ìdajì ìka, ìdajì ìka, láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ lórí. Nígbà tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kọ́kọ́ ta gìtá náà, mo rò pé ẹ̀rọ yín ti bàjẹ́ ni. Ó ń ha bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ páànù lórí òkúta. Mo ti ń wá nǹkan tí n ó fi bá yín tú u, kí n fẹ́ eruku inú rẹ̀, ìwọ wá sọ pé bíbàjẹ́ náà gan-an lẹ fẹ́, pé kò tíì bàjẹ́ bó ṣe yẹ ni. Mo jókòó. Láyé mi, mi ò tíì rí iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi odindi ọjọ́ wá bí nǹkan ṣe máa bàjẹ́ dáadáa.

Nígbà tó wá bàjẹ́ tó, o ní kí ó ta orin kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin, kí méjì wà lápá òsì, kí méjì wà lápá ọ̀tún. Ó ta á, kò sì ráhùn. Èmi ni mo fẹ́ bá ọ jà nítorí rẹ̀, torí ẹni tó bá ní kí bíríkìlà mọ ògiri kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin, ìjà ni onítọ̀hún ń wá. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní kí n fara balẹ̀, ó ní ṣebí ògiri mẹ́rin ló ń di yàrá. Mo ronú sí i. Mo gbà.

Lọ́jọ́ kejì ni Ọmọ Eléyín wọlé. Ẹni tó jẹ́ pé tó bá ń kí mi, àfi kí n tẹ̀ba kí n tó gbọ́. Ó mu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó dúró sójú ibi tí o sàmì sí fún ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì la ẹnu. Orí àkàbà ni mo wà lókè, díẹ̀ ló kù kí n já. Kì í ṣe igbe, kì í ṣe ẹkún. Ó dà bí ẹni pé láti abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ló ti ń bọ̀. Táǹkì náà gbà á, ó yí i ká, ó sì dá a padà bí ìgbà tí ogójì ènìyàn ti wà níbẹ̀ látọjọ́ pípẹ́, tí wọ́n ń retí pé kí ẹnì kan kọ́kọ́ sọ ọ́. Gbogbo irun apá mi dìde. Nígbà tó parí, ó gbójú sókè, ó bi mí jẹ́jẹ́ pé ṣé òun ò dí àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ́wọ́. Mo ní rárá, àwọn ẹyẹ orí òrùlé nìkan ló dí lọ́wọ́. Wọn ò padà títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́.

Ẹ gba orin mẹ́fà. Ó ku mẹ́ta nínú mẹ́sàn-án, ọ̀fun Ọmọ Eléyín sì pa dé, dókítà ní kó dákẹ́ fún oṣù kan gbáko. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó máa gbé yín padà, o di ọwọ́ mi mú, o ní kí n jọ̀ọ́, kí n má jẹ́ kí ohunkóhun yí padà nínú táǹkì yìí títí ẹ ó fi dé, torí tó bá yí padà, orin mẹ́ta tó kù ò ní bá mẹ́fà tó wà nílẹ̀ mu, gbogbo ọdún yín á sì wọmi. Mo ní kí o máa lọ, pé ó ti parí. Bí mo bá sọ pé ó ti parí, o mọ̀ mí.

Bí ẹ ṣe lọ ni mo gbá ìdérí dé. Mo fi àpò ìrẹsì mẹ́ta bo etí rẹ̀, mo fi àkísà dí ẹnu páìpù ìsàlẹ̀, kí ohùn náà má baà máa jò. Má rẹ́rìn-ín. Ìkòkò tí wọ́n bá fi se nǹkan olóòórùn, bí wọ́n bá dé e, ó máa ń di òórùn náà mú. Kí ló wá dé tí sìmẹ́ńtì tó nípọn bí itan mi kò ní di ohùn mú? Ohùn tó le tó bẹ́ẹ̀, tó lé ẹyẹ lọ!

Ọdún mẹ́ta la ti ń retí ẹ̀rọ omi, ọjọ́ kẹrin tí ẹ lọ ló dé. Kànga ìlú sì ti gbẹ ní tiwa, odò nìkan ló kù, o mọ bí odò ṣe jìnnà tó. Àwọn tó gbé ẹ̀rọ wá so ó mọ́ táǹkì, wọ́n wá nà mí ní fọ́ọ̀mù kan, torí èmi ni olùtọ́jú. Wọ́n kọ síbẹ̀ pé: ipò táǹkì, ó ṣófo tàbí kò ṣófo, kí n fa ilà sí ọ̀kan. Mo dúró, mo ronú. Èmi kì í purọ́ lórí ìwé. Mo fa ilà sí kò ṣófo. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n béèrè pé kí ló wà nínú rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé: Ohùn. Ti ọmọ mi ni. Ó ń bọ̀ wá mú un.

Wọ́n gbà á láìkà á, wọ́n lọ. Ọ́fíìsì wọn ló kà á. Ọ́fíìsì ní àwọn ò lè tú omi sínú táǹkì tí nǹkan wà nínú rẹ̀, àfi tí olùtọ́jú bá buwọ́ lu ìwé mìíràn pé ó ti ṣófo. Wọn ò tilẹ̀ béèrè irú ohùn tó jẹ́. Mo fẹ́ràn wọn fún ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ wà nílẹ̀, iná wà, omi wà lábẹ́ ilẹ̀, ẹ̀kán kan ò sì jáde.

Alága ìgbìmọ̀ omi wá bá mi pẹ̀lú èrò lẹ́yìn. Ó ní ṣé orí mi pé. Mo ní ó pé, kó wá kà á. Ó ní ohùn kì í gbé inú táǹkì. Mo bi í pé tí òun bá ké sínú rẹ̀, kí ló máa ń dá òun lóhùn, ṣé ìyàwó rẹ̀ ni? Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló sì bí i nínú jù, torí gbogbo wa la mọ̀ pé ìyàwó rẹ̀ kì í dá a lóhùn. Ó ní òun máa gba kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn mi. Mo ní kó wá gbà á. Báyìí ni mo ṣe gun orí táǹkì, tí mo jókòó sórí ìdérí. Káfíńtà dúró sí ìdí àkàbà, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gùn ún pé òun lòun kan àkàbà náà, òun sì mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ tí òun ò kàn dáadáa.

Lọ́jọ́ kìíní, mo ka àwọn tó dúró tì mí láti òkè. Mọ́kànlá ni wọ́n. Lọ́jọ́ kẹta, méje. Lọ́jọ́ kẹfà, mẹ́rin, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ẹni tó ti máa ń sùn lábẹ́ òjìji táǹkì láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ọ̀gá ilé-ìwé náà wá. Òun kò bú mi. Ó ní àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ń sùn lórí tábìlì, torí pé odò ni wọ́n ń kọ́kọ́ lọ láàárọ̀. Mo ní kí wọ́n fara dà á, oṣù kan kì í ṣe ọdún. Ó wò mí títí, ó ní òun lòun kọ́ mi ní kíláàsì kẹrin pé kí n má purọ́ lórí ìwé, ṣùgbọ́n òun ò rántí ọjọ́ tí òun kọ́ mi ní èyí. Ó bá tirẹ̀ lọ. Mi ò sọ̀kalẹ̀.

Dúró, mo fẹ́ lọ wò ó bóyá dẹ́rẹ́bà ti dé.

Kò tíì dé. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, láàárọ̀, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Káfíńtà, ọ̀kan. Ẹni tó ń sùn, èjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ń sùn. Ẹnì kẹta ń bọ̀ láti ọ̀nà odò, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, ó ru garawa. Mo ti ka ẹ̀ta kí n tó rí i pé ìyá àgbà ni. Láti ọjọ́ kìíní ló ti ń gbé omi mímu wá fún mi lórí táǹkì, mo sì ń mu ún. Mi ò bi í rí pé níbo ló ti ń rí i, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹnu èmi yìí kan náà ni mo fi ń sọ fún ayé pé kànga ti gbẹ. Ó sọ garawa náà kalẹ̀ sídìí àkàbà, ó fọwọ́ kan mú ìbàdí. Kò pè mí. Ó kàn dúró kí èémí rẹ̀ lè padà. O mọ̀ pé nínú gbogbo àwọn tó dúró tì mí, kò sí ẹni tó le tó o, torí ó ti bá ìyàwó Alága jà nítorí mi lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo bá ní kó máa gbé omi náà títí oṣù fi máa pé, á gbé e.

Láti ìgbà náà ni mi ò ti ka ẹnikẹ́ni mọ́.

Mo kó àpò kúrò, mo ṣí ìdérí, mo sọ̀kalẹ̀ sínú táǹkì. Mo fi ẹsẹ̀ mi lé ojú àmì tí o fi ṣọ́ọ̀kì ṣe fún Ọmọ Eléyín. Mo fẹ́ mọ ohun tí mo fẹ́ bà jẹ́ kí n tó bà á jẹ́. Mo pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi, bàbá rẹ gan-an. Ogójì ènìyàn bá mi pè é. Lẹ́yìn náà ó rọlẹ̀. Mo tẹ́tí, mo ń retí pé bóyá ohùn ọmọ yẹn á yọ lábẹ́ tèmi, ó kéré tán díẹ̀. Kò yọ. Ohun tí mo bá fún táǹkì náà ló ń fún mi padà, kò fi nǹkan kan pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Mo jáde, mo ní kí Alága mú ìwé wá. Mo fa ilà sí ó ṣófo. Mo tẹ bírò náà débi pé ìwé ya. Ibi tí wọ́n ti béèrè pé kí ló wà nínú rẹ̀, mi ò kọ nǹkan kan. Alága ò rẹ́rìn-ín. Ká ní ó rẹ́rìn-ín ni, ṣe ni ǹ bá fà á ya.

Ohun tí mo ti fẹ́ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí nìyẹn, tí mo ń yí i ká. Omi ti wà nínú táǹkì, ó ń lọ sí ọ̀sẹ̀ méjì. O fi nǹkan síkàáwọ́ mi, mi ò tọ́jú rẹ̀ dé òpin. Èmi ni mo buwọ́ lù ú. Kò sí ẹni tó tì mí.

Ṣùgbọ́n má tíì sunkún, gbọ́ èyí. Àwọn ẹlẹ́rọ kì í fa omi láti ọjọ́ Ẹtì títí di alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Èyí tó bá wà nínú táǹkì, àwọn ọmọ ilé-ìwé àti àwọn ará ilé á ti pọn ọ́n tán kí aago mẹ́ta tó lù lọ́jọ́ Ẹtì. Ohun tó máa ń kù kò ju kókósẹ̀ lọ. Mo ti wò ó ní ọjọ́ Ẹtì méjì, bákan náà ni. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi bá ara wa jà, kò sì sí ẹni tó béèrè pé ọjọ́ wo ni táǹkì náà kì í lómi. Alága ò béèrè. Èmi ò béèrè. Ìwọ náà ò béèrè kí o tó lọ, má wá di gbogbo rẹ̀ lé mi lórí. Nítorí náà, ẹ má wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí a fi àdéhùn sí. Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e ni kí ẹ wá.

Mi ò ní tàn ọ́ o. Kì í ṣe ohùn tí o fi sílẹ̀ ló wà níbẹ̀ báyìí. Mo ti ké síbẹ̀. Ògiri rẹ̀ ti tutù, ohùn ń yára padà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó mú, ó sì ń pẹ́ kó tó kú, omi díẹ̀ tó kù nísàlẹ̀ náà sì ń gbọ̀n. Mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn dára fún iṣẹ́ yín. Ó lè má bá mẹ́fà àkọ́kọ́ mu, kí ẹ wá tún gbogbo rẹ̀ gbà látìbẹ̀rẹ̀. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi nípasẹ̀ dẹ́rẹ́bà yìí kan náà, kí Káfíńtà lè kan pèpéle sínú táǹkì, kí ẹ̀rọ yín àti ẹsẹ̀ Ọmọ Eléyín má baà kan omi, torí iná àti omi kì í ṣe ọ̀rẹ́. Káfíńtà ní òun ò gba owó iṣẹ́, ṣùgbọ́n pákó kì í hù nínú àpò òun. Má fi owó náà ránṣẹ́ sórí fóònù, mi ò fẹ́ kó lọ kan orin lára. Bí o bá rí bàtà òjò tó kéré, rà á fún Ọmọ Eléyín. Ìyá àgbà ní kí o mú aṣọ òtútù dání.

Dẹ́rẹ́bà ti ń tẹ fèrè. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o ké sí ibi tí kò ní dá ọ lóhùn. Kí ọwọ́ rẹ tó ń sún máìkì ní ìdajì ìka kan ibi tó yẹ kó kàn. Kí ọ̀fun ọmọ ọlọ́mọ là.

Wá gbọ́ ọ fúnra rẹ. Bí kò bá dára, dúró síwájú mi kí o bú mi. Mo ti gbọ́ èébú gbogbo ará ibí, ó ti wọ̀ mí lára. Tìrẹ nìkan ni mi ò tíì gbọ́, òun ni kò sì jẹ́ kí n lè jókòó.

Èmi ni,
Bàbá rẹ Kékeré.